Bí a ṣe ń fi òṣùká gbèjà ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì

Wẹ́dà ni mí n'Íbàdàn. Géètì, ìlẹ̀kùn onírin àti férémù pátákó ìpolówó ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà ti mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n á ká àwòrán lọ́wọ́ wá, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, a fẹ́ kí nǹkan yìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, káwọn èèyàn máa gba inú ẹ̀ kọjá." Iṣẹ́ ọnà àgbékalẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, kì í sì í ṣe ère kan ṣoṣo tó dá dúró. Odindi ibì kan ni wọ́n ń tò, tí ẹni tó bá dé ibẹ̀ á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà lọ.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè ṣe ọ̀kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, láti orí ohun èlò títí dé ọjọ́ tí ẹ máa tú u. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi jó irin rẹ̀ ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ: òṣùká àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà ní kíláàsì. Bí ọ̀rọ̀ tiyín bá yàtọ̀, ẹ pààrọ̀ ohun èlò. Irin àti okùn ò ní yàtọ̀ púpọ̀.

Ẹ̀tọ́ wo, ti ta ni, lọ́wọ́ ta ni?

Mi ò lè jó "ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn" pọ̀ mọ́ra. Ó gbòòrò jù fún irin. Ẹni tó bá gbé e wá bẹ́ẹ̀, mo máa ń ní kó lọ jókòó, kó padà wá sọ fún mi ẹ̀tọ́ wo ni, ta ni wọ́n fi dù, ta ló sì yẹ kó dáhùn. Bí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta, irin tó máa rà á kàn ṣòfò ni.

Ti òṣùká yìí kò le. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2004, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí UBE, sọ pé ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́, láti pírámárì dé ìparí JSS 3, jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Ó tún sọ pé ẹni tó bá gbowó lórí ẹ̀kọ́ yẹn ní iléèwé ìjọba ti rú òfin. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 náà sì ka kíkiri ọjà lójú pópó mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ọmọdé ṣe. Kò sí òbí tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn: owó àga, owó ìdánwò, owó ẹgbẹ́ òbí, owó ohun tí wọ́n fi ń gbálẹ̀. Ìyá tí kò rí i san á sọ fún ọmọ pé kó sinmi nílé ní táàmù yìí, ọmọ tó sinmi nílé á gbé tíréè ẹ̀pà. Nítorí náà gbólóhùn kan péré ni iṣẹ́ wa ń bá wí: ẹ yé gba owó tí òfin ní kẹ́ ẹ má gbà. Ọ́fíìsì tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ni a sì ń sọ ọ́ sí, kì í ṣe ìyá ọmọ.

Ohun tó ti wà lára èèyàn

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Wọ́n á lọ ra nǹkan tuntun lọ́jà, wọ́n á kun ún lọ́dà pupa kó lè dà bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń fi ìyà hàn. Èmi ò gbà. Ohun tí ìyà náà ti kọjá lára rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ẹ wo Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá láti Àjàṣẹ́ ní Benin, tí àwọn aláwọ̀ funfun ń pè ní Porto-Novo. Láti ọdún 1997 sí 2005 ló fi ń kó iṣẹ́ kan jọ tó pè ní La Bouche du Roi. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù 304 ni, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń kó epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà wọ Benin. Ó gé ìdí wọn kúrò, ó dojú ẹnu kẹ́ẹ̀gì síta, kálukú wá di ìbòjú tó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó ń kígbe. Ó tò wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòrán ọkọ̀ Brookes, ọkọ̀ òkun tí wọ́n fi ń kó ẹrú, èyí tí àwọn tó ń bá òwò ẹrú jà tẹ̀ káàkiri ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ó fi igò ọtí, owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ sí i, ó fi òórùn sí i, ó fi ohùn èèyàn sí i. Ní 2007, nígbà tó pé 200 ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ rẹ̀.

Kò gbẹ́ ẹrú kankan. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ni ẹrú. Àwọn onífàyàwọ́ máa ń fi iná yọ́ ọ kó lè wú, kó lè gba epo ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ, wọ́n á lò ó títí yóò fi bẹ́, wọ́n á sì jù ú nù. Ẹni tó bá ti rí ọlọ́kadà kan tí kẹ́ẹ̀gì yí ká bí ẹ̀gún lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ iṣẹ́ náà fún un.

Bákan náà ni Ai Weiwei, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ṣe ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì lọ́dún 2009. Ilẹ̀ ti mì ní Sichuan ní ilẹ̀ Ṣáínà ní May 12, 2008, iléèwé tí wọn ò kọ́ dáadáa wó pa àwọn ọmọ. Báàgì iléèwé 9,000 ló fi bo iwájú ilé ìpàtẹ náà, tó fi àwọ̀ wọn kọ ọ̀rọ̀ tí ìyá ọmọ kan tó kú sọ, pé ọmọ náà gbé láyé pẹ̀lú ayọ̀ fún ọdún méje. Báàgì ló rí nínú àwókù nígbà tó lọ síbẹ̀. Báàgì ló sì lò.

Òṣùká ló kan àwa. Ẹ mú èyí tó ti pẹ́ lórí ọmọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àkísà ìró tàbí aṣọ iléèwé tó ti gbó ni wọ́n fi ń ká a. Òkè rẹ̀ tí ẹrù ń gbé ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Abẹ́ rẹ̀ ti kó bí àtàrí ọmọ náà ṣe rí, ó ti dán fún ìpara irun àti òógùn, irun wẹ́wẹ́ á sì há sínú ìkọ́ aṣọ. Bí ẹ bá fi òṣùká ọmọ kan sórí ọmọ mìíràn, kì í fìdí múlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ náà á máa yí i wá ibi tó máa jókòó sí. Oníṣẹ́ ọnà wo ló fẹ́ gbẹ́ ohun tó máa jẹ́rìí ju ìyẹn lọ?

Bí ẹ ṣe máa gbà á lọ́wọ́ wọn

Ẹ má lọ bá ọmọ ní títì. Ìyálọ́jà ni kí ẹ kọ́kọ́ kí. Ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé, ẹ jẹ́ kó bi yín ní ìbéèrè tó bá fẹ́, nítorí ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé ẹ fẹ́ wá fi àwọn obìnrin ọjà ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí pé ìjọba ló rán yín. Ẹ̀yìn ìgbà tí òun bá ti gbà ni ẹ máa tó bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe láwùjọ.

Aṣọ la fi ń ṣe pàṣípààrọ̀: ọ̀pá kan aṣọ tuntun, kí ìyá tàbí ọmọ fi ká òṣùká mìíràn tàbí kó fi rán nǹkan. Ẹ má gbé owó jáde o. Bí owó bá ti wọ̀ ọ́, òṣùká 50 tí ọmọ kankan kò rù rí á ti délẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́.

Ẹ má ya fọ́tò. Ẹ má kọ orúkọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú nìkan. Òfin 2004 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kan òbí pẹ̀lú. Ó ní ìjìyà fún òbí tí kò bá rán ọmọ lọ síléèwé. Bí ẹ bá tẹ ojú ọmọ sára pátákó, ẹ ti kọ ẹ̀sùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Mo ti rí àwọn tó máa ń wá pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá, tí wọ́n ní ojú ọmọ ló ń mú omi jáde lójú èèyàn. Omi lè jáde, wọ́n á sì kọjá lọ. Nígbà tí Peju Alatise, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, fẹ́ sọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó, kò lọ wá ọmọ ọ̀dọ̀ kan kó ya ojú rẹ̀. Ìtàn ọmọ kan tó ń lá àlá pé òun ń fò ló gbé kalẹ̀, ó ṣe àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ tó níyẹ̀ẹ́, ó sì gbé wọn lọ sí Venice lọ́dún 2017, nígbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní àyè tirẹ̀ nínú ìpàtẹ ńlá ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń fẹ́ kí a fi ojú pamọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá Prune Nourry, oníṣẹ́ ọnà láti Faransé, mọ orí amọ̀ 108, lọ́nà tí wọ́n gbà mọ orí Ifẹ̀ àtijọ́, fún àwọn ọmọbìnrin Chibok tí wọn ò tíì rí nígbà náà nínú àwọn 276 tí wọ́n jí gbé ní April 14, 2014. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ l'Ékòó ní 2022. Fọ́tò àwọn ọmọ náà ni wọ́n wò mọ ọ́n, àwọn òbí wọn ló sì fi fọ́tò sílẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ayé má gbàgbé ojú ọmọ wọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ló ń sọ bó ṣe máa rí. Ní Buenos Aires, September 21, 1983, nígbà tí àwọn ìyá tí ìjọba ológun Ajẹntínà ti jí ọmọ wọn gbé jáde pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà mẹ́ta, èèyàn ń dùbúlẹ̀ sórí bébà kí wọ́n lè fi ọ̀dà fa ìlà yí ara wọn ká. Òjìji tó bá jáde ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ìlú. Àwọn ìyá yẹn ní kí wọ́n gbé òjìji náà dúró, kí wọ́n má tẹ́ ẹ sílẹ̀, nítorí òkú ló ń sùn sílẹ̀, àwọn kò sì tíì gbà pé ọmọ àwọn kú. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe yí gbogbo iṣẹ́ padà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun kan ṣoṣo tí a ń gbà sílẹ̀ nípa ọmọ ni gíga rẹ̀. Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání, kí ọmọ dúró tì í pẹ̀lú sálúbàtà tó fi ń kiri, kí ẹ fa ìlà síbi tí àtàrí rẹ̀ dé. Ẹ fún ìlà náà ní nọ́ńbà, ẹ so nọ́ńbà kan náà mọ́ òṣùká rẹ̀ lára. Ó parí.

Irin

Òṣùká 30 ni férémù mi gbà: ìlà 5, òṣùká 6 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà 3 láàárín ọ̀kan sí èkejì kí àgbàlagbà lè gba àárín kọjá láìfara kan án. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ sí ẹ̀bá yíká, ó di ẹsẹ̀ 18 ní gígùn, 15 ní fífẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ 8.

Páìpù onígun mẹ́rin ti ínṣì 2 ni kí ẹ fi ṣe òpó 6: ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀kan ní àárín ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì. Páìpù yìí kan náà ni ti òkè: méjì ní gígùn, mẹ́ta ní ìbú. Èyí tó wà ní ìbú láàárín ni àwọn èèyàn máa ń fẹ́ yọ kí owó lè dínkù. Ẹ má yọ ọ́. Àwọn irin ínṣì 1 márùn-ún tí òṣùká máa rọ̀ sí, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sinmi lé. Láìsí i, ẹsẹ̀ 18 gùn jù, irin á tẹ̀ láàárín, gbogbo òṣùká ìlà náà á sì sún mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti jó gbogbo ohun tó bá yẹ kí ẹ jó. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi dè é pọ̀ níbi tí ẹ ń gbé e lọ. Ìdí méjì ló wà. Ẹ ò ní nílò jẹnẹrétọ̀ lójú títì, tí ariwo rẹ̀ á máa bo ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ kó o kúrò, sípánà méjì ti tó. Bóòtù méjì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan, torí irin á máa yí lórí ẹyọ kan bí atẹ́gùn bá fẹ́. Ẹ fi irin kúkúrú, nǹkan bí ínṣì 18, dábùú igun kọ̀ọ̀kan lókè. Gbogbo etí tó mú ni kí ẹ fi gráíńdà pa, kí ẹ sì fi ọwọ́ lásán tọ́ ọ wò, nítorí ọmọdé ló máa kọ́kọ́ gbá a mú. Ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà nìkan ni mo máa ń kùn ún, èyí tó pupa bí ilẹ̀ yẹn. Ẹ má kọ nǹkan kan sára irin.

Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbẹ́ títì ìjọba, kò sì yẹ kí ẹ gbẹ́ ẹ. Ẹ wá ògbólógbòó táyà 6 lọ́dọ̀ àwọn fọganáísà. Ẹ gé páìpù tó tóbi ju òpó lọ díẹ̀, ẹsẹ̀ 2 ní gígùn, ẹ jó irin dábùú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má bàa fà yọ, ẹ gbé e sí àárín táyà gangan, kí ẹ da kọnkéré yí i ká: sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Ọjọ́ méje ni kí ẹ fi máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ lálẹ́. Kò sí ẹni tó lè dá a gbé, ṣùgbọ́n nítorí táyà ni, ẹ dá a dúró, ẹ yí i, á máa yí lọ síbi tí ẹ bá fẹ́. Òpó á kàn wọlé sínú páìpù yẹn, bóòtù kan á gba inú méjèèjì kọjá.

Okùn ìpẹja tó nípọn ni mo fi ń rọ òṣùká. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ẹ bá fi okùn kan ṣoṣo rọ̀ ọ́, òṣùká á dà gẹ̀gẹ̀rẹ̀, á sì di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà Kérésìmesì. Okùn mẹ́ta ni. Ẹ pín ẹ̀bá òṣùká sí mẹ́ta, ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá gba okùn kọ̀ọ̀kan wọ inú aṣọ, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lára wáṣà kékeré kan ní ínṣì 18 lókè rẹ̀. Ara wáṣà yẹn ni okùn tó lọ bá irin ti máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni òṣùká á tẹ́ pẹrẹsẹ lójú òfuurufú bí ẹni pé orí wà lábẹ́ rẹ̀. Okùn ìpẹja máa ń yọ̀, nítorí náà ẹ ta á ní kókó mẹ́ta, kí ẹ fi iná ìṣáná kan ìdí rẹ̀ díẹ̀ kó wú.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ má wọ̀n ọ́n láti òkè, torí kò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú lójú títì wa. Ẹ gbé igi tó ní ìlà ọmọ náà dúró sábẹ́ irin, kí abẹ́ òṣùká kan ìlà náà gẹ́lẹ́. Èyí tó wà ní ínṣì 48 á bá ọkùnrin tó ga níwọ̀nba láyà. Àwọn mìíràn á rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Àwọn tó gbé iṣẹ́ náà wá fẹ́ fi àga iléèwé sábẹ́ òṣùká kọ̀ọ̀kan. Mo ta kò ó, àríyànjiyàn wa sì le. Bí àga bá wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa lè rìn láàárín rẹ̀, àga ni wọ́n á sì máa wò. Wọ́n ní Doris Salcedo, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Kòlóńbíà, lo àga ní Bogotá. Òótọ́ ni. Àga 280 ló rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí Ààfin Ìdájọ́ ní November 6 àti 7, 2002. Ibẹ̀ kan náà ni àwọn ajàjàgbara ti gbógun wọ̀ lọ́dún 1985, tí ọmọ ogun dá wọn lóhùn, tí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn sì kú. Àmọ́ adájọ́ àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wà lára àwọn tó kú níbẹ̀. Orí àga ni iṣẹ́ wọn wà. Ọmọ tiwa ò jókòó. Ìrìn ló ń rìn látàárọ̀. Ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo.

Ibi, aago àti ìwé àṣẹ

Ohun tí mo bá wọn mú lára Salcedo ni aago. Ó jẹ́ kí àga rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní wákàtí tí ìpànìyàn yẹn bẹ̀rẹ̀, ó sì fi wákàtí 53 gbé e jáde. Tiwa máa ń ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ń parí ní aago méjì ọ̀sán, ọjọ́ iléèwé nìkan. Lọ́jọ́ Sátidé, kò ní ìtumọ̀ kankan.

Ẹ má gbé e sínú ọjà. Àwọn ìyá tó fi òṣùká sílẹ̀ á wá rí ara wọn bí ọ̀daràn. Iwájú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni, ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ọ̀gá ibẹ̀ ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n kó má dí géètì, kó má dí ọ̀nà omi.

Abala 39 àti 40 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò wa àti láti péjọ ní ìrọ̀wọ́rọ̀sẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n sórí. Síbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ kọ ọ̀kan sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ń tọrọ àyè. Ẹ sọ pé ẹ ń fi tó wọn létí, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ń béèrè sínú èyí tó ń lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì ní nọ́ńbà lọ́yà kan tó mọ̀ pé ọjọ́ yẹn lẹ ń jáde. Oníṣẹ́ ọnà kan, Jelili Atiku, ṣe eré ojú títì ní Èjìgbò l'Ékòó ní January 2016, kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ọlọ́pàá mú un, ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù. Irin náà kò bọ́. Bọ́ọ̀sì onírin tí Sokari Douglas Camp, ọmọ Bùgúmà tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ṣe lọ́dún 2006 ní ìrántí Ken Saro-Wiwa, orúkọ àwọn Ògóni mẹ́sàn-án tí wọ́n yẹgi fún ní November 10, 1995 ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Saro-Wiwa fi fẹ̀sùn kan àwọn iléeṣẹ́ epo. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sílé lọ́dún 2015, kó lè dé fún ogún ọdún ikú wọn. Kọ́sítọ́ọ̀mù mú un ní èbúté Èkó. Bọ́ọ̀sì tí kò ní ẹ́ńjìnnì! Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí férémù tiyín ṣeé tú sínú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kan, kí òṣùká sì wà nínú àpótí tó yàtọ̀ sí irin. Irin ṣeé rà. Òṣùká ò ṣeé rà.

Pátákó kan péré ni kí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ní Yorùbá ni a kọ tiwa: "Gíga ọmọ tó ru èyí ni èyí. Òfin ní iléèwé rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ta ló ń gbowó?" Nọ́ńbà òfin àti ọdún rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kò sí orúkọ oníṣẹ́ ọnà níbẹ̀, orúkọ wẹ́dà ò sì sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ náà

Ẹni méjì tó mọ̀rọ̀ sọ ni kó dúró tì í, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ àyàfi tí wọ́n bá bi wọ́n. Àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi orí wọn wọ òṣùká. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ọlọ́kadà máa ń ṣe é, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn ẹ̀rín náà á gé lójijì tí wọ́n bá rí bí àwọn ṣe bẹ̀rẹ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó sílẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Ẹni tó bá ní òun náà kiri ọjà lọ́mọdé tí òun sì lówó lónìí, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kó wá èyí tó bá gíga tirẹ̀ nígbà náà mu.

Bí olóṣèlú bá dé tó fẹ́ ya fọ́tò láàárín rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ kọ ìbéèrè yín sí yẹn lé e lọ́wọ́ kó tó dúró síwájú kámẹ́rà. Nínú fọ́tò yẹn, kí lẹ́tà hàn.

Ní aago méjì, òṣùká ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ẹ gé okùn lókè wáṣà, ẹ má gé e lára aṣọ, kó lè rọrùn láti tún un rọ̀. Ìyá tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ padà, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ẹ fún un. Táyà ni kí ẹ kó kẹ́yìn, nítorí òun ló wúwo jù. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹnì kan padà sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ béèrè ẹni tí lẹ́tà náà wà lórí tábìlì rẹ̀, kó kọ orúkọ àti ipò onítọ̀hún sílẹ̀, kó sì bi í ọjọ́ tí òun máa padà wá gba èsì.